Ejẹ́ǹtì Tó Fẹ́ Gbowó Kí Ọmọ Tó Gbá Bọ́ọ̀lù

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 17 ni. Sìtíráíkà ni, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá gan-an. Ejẹ́ǹtì kan ní kí n san mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà kí òun fi ṣètò tíráyà (ìdánwò bọ́ọ̀lù ní kíláàbù) àti físà fún un ní Sípéènì. Lẹ́tà ìpè tó fún wa ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Ó tún ní ká lọ búra ní kóòtù pé ọmọ náà ti pé 18. Mo fẹ́ yá owó ní kọpuratífù. Ṣé owó tó bèèrè yìí ò pọ̀ jù? (Ìyá aláta kan, Ọjà Ìgbọ̀nà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Mọ̀mí, ẹ má yá owó kankan. Ẹ ní ṣé kò pọ̀ jù. Kọ́bọ̀ kan péré ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ lọ́yà àwọn eléré ìdárayá ni mò ń ṣe nílùú yìí, irú ìbéèrè yìí sì ti sú mi. Ìyá á ta ilẹ̀, bàbá á ta ọ̀kadà, ọmọ á balẹ̀ sílùú onílùú, kò ní sí kíláàbù kankan tó ń retí rẹ̀.

Ejẹ́ǹtì gidi kì í jẹun ṣáájú agbábọ́ọ̀lù. Ìgbà tí kíláàbù bá ti gba ọmọ síṣẹ́, tí owó ti ń wọlé fún un, ni ejẹ́ǹtì tó gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ FIFA máa ń gba ìdá kékeré tirẹ̀. Kíláàbù tó ń wá góòlù ló ń náwó wá ẹni tó máa gbá a wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata, ṣé ẹ ti sanwó fún oníbàárà rí kó tó wá rajà lọ́wọ́ yín? Lóòótọ́, àwọn kíláàbù kan lè ní kí ẹni tí wọ́n pè fún tíráyà fowó ara rẹ̀ wọkọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú lowó ìyẹn ń lọ, kì í ṣe àpò ejẹ́ǹtì.

Mo wo lẹ́tà yẹn dáadáa. Àmì kíláàbù tó wà lókè rẹ̀ ti ṣú, bí ohun tí wọ́n yà lára fóònù. Gmail ni ímeèlì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti kíláàbù. Ibi tí orúkọ ọmọ yín wà, orúkọ ẹlòmíràn ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n gbàgbé álífábẹ́ẹ̀tì méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ náà. Àkáǹtì tí ẹ máa sanwó sí, ti ẹnì kan ni, ní báńkì Nàìjíríà níbí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o, ilé-ẹjọ́ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ó ti parí síbẹ̀ yẹn.

Ìbúra yẹn gan-an ló bí mi nínú. Òfin FIFA kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé 18 lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù ilẹ̀ mìíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bíi kí òbí rẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ 16 ń lọ, àwọn tó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù kan bọ́ sí òmíràn ló ń sọ. Òṣogbo ò sí ní Yúróòpù. Ẹ̀yin lẹ máa búra, kì í ṣe òun; ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ìbúra èké. NIN ọmọ náà ń kọ́? Ìwé ìbí rẹ̀ ń kọ́? Ọjọ́ ìbí méjì lórúkọ ẹnì kan ti tó láti lé e padà ní ẹ́ńbásì.

Báwo làwọn tó lọ ṣe lọ? Asisat Oshoala gbá bọ́ọ̀lù ní FC Robo l'Ékòó àti Rivers Angels. Ní 2014, ní Ife Àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 20 lọ ní Kánádà, góòlù 7 ló gbá wọlé, òun náà ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù. Nígbà tó di January 2015, Liverpool ti mú un. Ó gba Arsenal àti Ṣáínà kọjá kó tó dé Barcelona ní 2019. Rasheedat Ajibade náà kúrò ní Robo, Norway ló kọ́kọ́ lọ, kó tó wá sí Atlético Madrid ní 2021. Ibi tí èèyàn ti lè rí wọn ni wọ́n ti ń gbá a. Osun Babes, kíláàbù àwọn obìnrin, wà nílùú wa níbí. Ẹ jẹ́ kó lọ gbìyànjú níbẹ̀, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Fídíò eré líìgì látòkèdélẹ̀ ni kíláàbù òkèèrè ń fẹ́ wò, kì í ṣe ibi tó ti gé ọmọ mẹ́ta kọjá ní pápá iléèwé.

Tí ejẹ́ǹtì gidi bá dé, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì FIFA. Kò gbọdọ̀ bá ọmọdé ṣàdéhùn láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i, àdéhùn òun àti ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ. Òfin wọ̀nyí a máa yí padà, nítorí náà ẹ gbé ìwé yòówù kó jẹ́ lọ fún lọ́yà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá ti san nǹkan fún ẹni yìí, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ àti rìsíìtì rẹ́, ẹ kó wọn lọ fún ọlọ́pàá. Kí ọmọ náà sì jókòó kó ṣe WAEC rẹ̀. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan ń fi bọ́ọ̀lù gba àwọn ọmọbìnrin sí iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, èsì ìdánwò sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè.