Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ rin etí òkun láti Kraké dé Ekpè

Àbúrò wa kan béèrè bóyá òun àti ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta lè fi ẹsẹ̀ rin etí òkun láti Kraké, ní ẹnubodè Benin àti Nàìjíríà, dé Ekpè, lápá Kútọnu, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìwọ bàtà, kí wọ́n sì máa wẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rin ọ̀nà yẹn. Ti àkọ́kọ́ ló burú jù, òun ni màá sì sọ fún yín.

Èmi àti ọmọ àbúrò ìyá mi la jọ lọ. A jẹun àárọ̀ tán ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ká tó wọ tákísí kọjá afárá ọ̀sà, nígbà tí a ó sì fi dé Kraké, oòrùn ti gun òkè, omi sì ti ń kún bọ̀. A ò mọ̀ pé ìyẹn já mọ́ nǹkan kan. Bí omi bá fà, ó máa ń fi yanrìn tútù tó le sílẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa lọ geere. Bí ó bá kún, ó máa ń lé èèyàn sórí yanrìn òkè, tó rọ̀ bíi gaari, tí ẹsẹ̀ ń rì sí ní gbogbo ìṣísẹ̀. Etí òkun wa kò sì tẹ́jú, ó dà gẹ̀rẹ́ sínú omi, nítorí náà ẹsẹ̀ kan á máa wà lókè, èkejì nísàlẹ̀. Ká tó dé Djèffa, tó wà lójú ọ̀nà ká tó dé Ekpè, ìbàdí mi ti ń ro mí débi pé mo ń tiro.

Ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí omi. Ìgbì gbá a ní orúnkún. Bí omi ṣe ń padà, ó ń wọ́ yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣubú, ìgbì kejì sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo pariwo. Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n nítòsí ju okùn sílẹ̀, méjì nínú wọn bẹ́ sínú omi, wọ́n sì fi ẹ̀wù rẹ̀ fà á jáde. Wọ́n bi wá ní èdè Ẹ̀gùn ìdí tí a fi dúró síbi tí àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í dúró.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀, kódà kó má ju orúnkún lọ. Ọ̀nà jíjìn réré ni ìgbì yẹn ti ń bọ̀ lójú agbami, kò sí ohun tó dá a dúró, etí ilẹ̀ gan-an ló ti ń fọ́, ilẹ̀ abẹ́ omi sì jìn lójijì. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ló máa ń le jù. Ìgbà ọ̀yẹ́ ni kí ẹ lọ.

Ẹ wá ọjọ́ tí omi á fà tán ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje. Ẹ ó rí bíi wákàtí mẹ́rin tí yanrìn á fi le. Lójoojúmọ́, àkókò tí omi ń fà tán ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i, ẹ má fi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣírò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ekpè, kì í ṣe Kraké, nítorí ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́, ẹ̀yìn yín ló sì máa wà. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì. Títì Kútọnu kò jìnnà sí etí òkun, bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ gba àárín igi àgbọn bọ́ sí i, kí ẹ wọ sẹ́mìjáàn, ìyẹn ọ̀kadà.

Ẹ wọ sàǹdà. Ìwọ̀ ẹja àti ìgò fífọ́ wà nínú yanrìn, gbogbo ẹ̀yìn abúlé kọ́ ló sì mọ́.

Bí ẹ bá pàdé àwọn tó ń fa àwọ̀n, ẹ má ré okùn wọn kọjá, ẹ gba ẹ̀yìn wọn lápá ilẹ̀, kí ẹ sì kí wọn. Ìgbà kejì tí mo lọ, a bá wọn fà á. Ó pẹ́, okùn bó mi lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin, a ń gbè é. Nígbà tí àpò àwọ̀n dé ilẹ̀, wọ́n bu ẹja wẹ́wẹ́ fún wa, ìyá kan sì yan án fún wa lórí iná èèpo àgbọn. N kò tíì jẹ ẹja tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má gbọ́kàn lé ọ̀nà tí ẹnì kan júwe fún yín lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Kútọnu ní 1965, ògiri òkúta rẹ̀ ti ń dá yanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ apá ìlà-oòrùn. Mo ti rí gbòǹgbò àgbọn tó ṣí sílẹ̀ níbi tí a ti jókòó sábẹ́ ibòòji tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ní Kraké, ẹnubodè nìyẹn. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ má sì ya fọ́tò àwọn aṣọ́bodè.

Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, ká jọ wo àkókò omi kí ẹ tó wá tákísí.