Kí nìdí tí sísítà fi kọ «Ẹ gbàdúrà fún obìnrin ayàwòrán» sára àwòrán rẹ̀?

Ìbéèrè tí ó délẹ̀ ni pé, kí ló dé tí Sísítà Plautilla Nelli fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn, tí ó sì fi èdè Látìn kún un pé kí a gbàdúrà fún obìnrin tí ó yà á, nígbà tí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ kọ ògo ayé? Ibi tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ ni kí á kọ́kọ́ wò.

Ìlú Florence ní Ítálì ni wọ́n ti bí Nelli ní 1524. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ó wọ ilé àwọn sísítà Dominic Mímọ́, níbi tí ó ti di ìyá olórí ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ó sì kọ́ àwọn sísítà mìíràn ní àwòrán yíyà. Gbọ̀ngàn ìjẹun ilé náà ni àwòrán yìí wà nígbà náà. Gígùn rẹ̀ tó mítà 7. Ọ̀dọ́ àgùntàn, búrẹ́dì, wáìnì, iyọ̀ àti ẹ̀wà wà lórí tábìlì, kódà ojú ibi tí wọ́n ti ká aṣọ funfun orí rẹ̀ hàn ketekete.

Nínú ìgbàgbọ́ Kátólíìkì, àdúrà alààyè a máa ran ọkàn òkú lọ́wọ́ ní pọ́gátórì, ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọkàn mọ́ kí ó tó wọ ọ̀run, orúkọ ni wọ́n sì fi ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Sísítà kò bímọ tí yóò máa ṣe ìrántí rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tí yóò máa jẹun níwájú àwòrán náà lójoojúmọ́, ìran dé ìran, ni ó fi ṣe ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ náà, kì í ṣe fáàrí.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kò mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí ó rí i dájú pé ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé obìnrin ni. Vasari, tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán ìgbà náà, sọ ní 1568 pé ohun ìyanu ni ìbá ṣe bí ó bá ti ní àǹfààní láti kẹ́kọ̀ọ́ bí àwọn ọkùnrin, kí ó sì máa wo ènìyàn gidi yàwòrán.

Nígbà tí wọ́n ti ilé àwọn sísítà náà pa láyé Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, àwòrán náà di ti Santa Maria Novella, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Florence. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ènìyàn ní mùsíọ́mù ibẹ̀ ní 2019.