Kíndìnrín eku yẹn ni kí o kọ́kọ́ wò

Àbúrò tó béèrè ìdí tí àwọn eku ìwádìí òun fi ń kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ, tí jẹjẹrẹ ọmú ara wọn kò sì tíì súnkì, o kú ìrọ́jú o. Ohun tó bá mi ní Abẹ́òkúta níbí gan-an nìyẹn, díẹ̀ ló kù kí n ju iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ ló pa àwọn eku tèmi, kíndìnrín ni. Ibẹ̀ ni cisplatin ti máa ń ṣọṣẹ́ jù. Bó ṣe di ọjọ́ kẹta, irun wọn ti rí wúruwùru bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ. Kókó jẹjẹrẹ ara wọn nìkan ni mo ń wọ̀n lójoojúmọ́, mi ò gbé eku fúnra rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè mọ̀ pé wọ́n ti ń rù. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní omi iyọ̀ ti ilé ìwòsàn (saline) ṣáájú abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ń yè. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn dókítà ń ṣe fún èèyàn. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti dín ní ìdá kan nínú márùn-ún, má jẹ́ kó máa joró, tẹ̀ lé ìlànà ilé eku yín kí o fòpin sí ìyà rẹ̀.

Ti fíríìjì ló dùn mí jù. Mo gbà pé ibi tútù ló yẹ gbogbo oògùn. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ ní Ọbàntókò, mo ń sáré ra yìnyín nítorí ìgò cisplatin kan ṣoṣo! Lọ́jọ́ kan mo gbé e sójú fèrèsé, mo rí nǹkan wínníwínní tó ń dán bí iyọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Cisplatin fúnra rẹ̀ ló ti dì sísàlẹ̀; omi tí oògùn rẹ̀ ti dín ni mo ń fà sínú abẹ́rẹ́. Má gbé e sí fíríìjì, ṣáà fi í pa mọ́ fún ìmọ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lo rà, omi iyọ̀ ni kí o fi pò ó. Má fi DMSO, omi kẹ́míkà tí wọ́n máa ń fi po oògùn, kàn án rárá, ńṣe ló máa so mọ́ platinum, irin tó wà nínú cisplatin, agbára oògùn á sì lọ. Odindi ìpele kan ni mo fi ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Lọ́la, wọn àwọn eku náà láàárọ̀, kí o sì sọ ibi tí ìgò yẹn ń gbé fún mi.