Ingenious àti ingenuous: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni ingenious àti ingenuous, àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ingenious ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, tó ń rí ọgbọ́n dá níbi tí ọ̀nà dí sí. A sì tún ń lò ó fún ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, ètò tàbí ìdáhùn. Ingenuous ni ẹni tí inú rẹ̀ mọ́, tí kò mọ àbòsí, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń hàn lójú rẹ̀. Ọmọdé tó ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ ilé fún àlejò, ingenuous ni.

Etí lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ingenious, "jíì" la ó fà, lẹ́yìn náà "niọs". Nínú ingenuous, "jẹ́n" ni, "yu" sì gbọ́dọ̀ dún ketekete kí "ọs" tó dé. Ẹ tún ṣọ́ra fún ingenius: kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Genius ló ń tan àwọn tó ń kọ ọ́ jẹ, wọ́n a gbàgbé "o" tó yẹ kó wà láàárín "i" àti "u".

Ọ̀rọ̀ ìṣe Látìnì kan ṣoṣo ló bí àwọn méjèèjì: gignere, tó túmọ̀ sí "bí". Ingenium ni ohun tí a bí mọ́ni, ẹ̀bùn àbínibí. Ingeniosus sì ni ẹni tí ẹ̀bùn náà pọ̀ lára rẹ̀. Ingenuus ní tirẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀, tí kì í ṣe àjèjì, kó tó wá di ọmọ tí a bí lómìnira. Ọ̀kan ń sọ ohun tí a bí mọ́ ọ, èkejì ń sọ ipò tí a bí ọ sí.

Nínú òfin Róòmù, ingenuus kì í ṣe oríyìn rárá, ipò ni. Gaius, amòfin ọ̀rúndún kejì, pín àwọn tó wà lómìnira sí méjì: ingenui, tí a bí lómìnira, àti libertini, tí wọ́n ti ṣẹrú rí kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ìwé òfin tí Ọba Justinian gbé jáde ní ọdún 533 fi kún un pé ìyá ni à ń wò: bí ìyá bá wà lómìnira, bàbá ì báà jẹ́ ẹrú, ingenuus ni ọmọ. Ohun kan náà ni "ọmọ" dúró fún nínú òwe wa, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Àwọn ará Róòmù wá gbà pé ẹni tí a bí lómìnira kò ní ẹni tó ń bẹ̀rù, nítorí náà kò ní purọ́. Èrò àwọn olówó ẹrú nìyẹn, kò sì sí òtítọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ̀rọ̀ náà di "olóòótọ́". Nígbà tó wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún 16, ó tún sún síwájú díẹ̀díẹ̀, ó di "ẹni tí kò tíì mọ ẹ̀tàn ayé".

Òdìkejì òkun ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Oòduà gan-an. Ingenium ti di orúkọ ẹ̀rọ tí àwọn ológun fi ń fọ́ odi ìlú, nítorí ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti ẹnjiníà ti wá. Èdè Pọtogí sọ ọ́ di engenho, àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ di ingenio, méjèèjì sì ń jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún ìrèké láti fi ṣe ṣúgà. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Nagô ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl àti Lucumí ní Kúbà ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ní ingenio Triunvirato, ní agbègbè Matanzas, Carlota tó jẹ́ Lucumí wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1843.

Ingenuus náà dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1871, Bràsíl ṣòfin pé ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí láti ìgbà náà lọ kì í ṣe ẹrú mọ́, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ náà ní ingênuos. Òmìnira orí ìwé ni. Ọwọ́ olówó ìyá ni ọmọ yóò wà títí yóò fi pé ọdún 8. Lẹ́yìn náà, olówó náà lè gba 600 mil-réis, owó Bràsíl ìgbà náà, lọ́wọ́ ìjọba kó sì yọ̀ǹda rẹ̀, tàbí kó máa fi ṣiṣẹ́ títí di ọdún 21. Iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olówó náà yàn. Bẹ́ẹ̀ ni ingênuo ṣe di òṣìṣẹ́ nínú engenho.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣi àwọn méjèèjì mú fún ara wọn rí. Ní ọ̀rúndún 17, àwọn òǹkọ̀wé a máa lo ọ̀kan níbi tó yẹ kí èkejì wà, nítorí náà ẹ má fi ìtumọ̀ òde òní ka ìwé ìgbà yẹn. Àpá rẹ̀ tó kù ni ingenuity. Ọ̀dọ̀ ingenuus ló ti wá, òótọ́ inú àti ìwà ọmọlúàbí ló sì ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ingenious ti gbà á: ọgbọ́n àrà ló ń jẹ́ báyìí. Fún inú mímọ́, ingenuousness ni kí ẹ kọ.

Disingenuous kò kan àìgbọ́n. Ẹni tó mọ òtítọ́ tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Gómìnà tó mọ̀ pé òun kò san owó oṣù àwọn olùkọ́, tó tún ń bèèrè ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, disingenuous ni.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ni àṣìṣe yìí ti ń ṣeni léṣe jù. Ẹni tó kọ ọ́ pé ẹnjiníà kan jẹ́ ingenuous ti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé ẹni náà rọrùn láti tàn jẹ. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi clever sí ipò rẹ̀ wò. Bó bá bá a mu, ingenious ni. Bó bá jẹ́ innocent ló bá a mu, ingenuous ni. Ẹ má sì lo ingenuous fún ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kò ní inú tí yóò mọ́. Indigenous, tí a ń rí nínú fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀, wá láti ara gignere yìí kan náà, ṣùgbọ́n "d" inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù: ọmọ ìbílẹ̀ ló ń jẹ́.