Atamátàsé ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, ẹ má tíì pè é padà sílé

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ọ̀rọ̀ àbúrò yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Ẹ ní point guard ló jẹ́ nínú básíkẹ́ẹ̀tì n'Ìbàdàn, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún gbogbo tíìmù, pé ó wá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Texas, kóòṣì ní kó fi dríbù sílẹ̀ kó lọ dúró ní igun kó máa ta three, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ta láti ẹ̀yìn ìlà òkèèrè tó ń mú àmì mẹ́ta wá, ó ti ta mẹ́tàlá ní géèmù mẹ́ta, méjì péré ló wọlé, Bàbá sì ti ń sọ pé wọ́n ti sọ ọmọ àwọn di èrò ìwòran, kó máa bọ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Ibi tọ́mọ yẹn wà yẹn, mo ti débẹ̀ rí, wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi náà, mo sunkún sínú táwẹ̀lì lọ́jọ́ náà, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ló sanwó ilé ìwé mi títí mo fi gba dìgírì.

Rowe Park ní Yábàá ni mo ti kọ́ básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tiwa, ìta gbangba ni, sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀, atẹ́gùn á máa ti bọ́ọ̀lù síbí sọ́hùn-ún, téèyàn bá dúró lókèèrè ta á, gbogbo ẹnu ni wọ́n máa fi bú u pé ta ló rán an níṣẹ́, kó wọlé. Torí náà gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta láti òkèèrè ò wọ́pọ̀. Mo dé Kansas ní 2009, mo rò pé ẹsẹ̀ mi yá, àṣé ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló yá jù tèmi lọ. Kóòṣì wò mí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí, ó ní mi ò lè kọjá ẹnikẹ́ni níbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi rọ̀, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti àyà ni mo ti máa ń ta bọ́ọ̀lù nígbà yẹn, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Igbákejì kóòṣì gbé àga oníke kan síwájú agbọ̀n, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, ó ní kí n jókòó, kí n fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan ta á. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù, ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn títí awọ ibẹ̀ á fi hunjọ, ìka ìfábẹ̀lá ló gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀léra láìkan irin, kí n sún àga sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá kan irin lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó di kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò lórí àga yẹn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n ń ki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n. Ó gbà mí lóṣù méjì kó tó jẹ́ kí n dé ìdí ìlà three, mo débẹ̀ tán, mo tún ń tàsé, torí ara ṣì fẹ́ padà sí ti àtijọ́ nígbàkigbà tó bá ti rẹ̀ mí.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé méjì nínú mẹ́tàlá tẹ́ ẹ rí yẹn ò tíì sọ nǹkan kan nípa àbúrò yín. Stephen Curry pàápàá, gbajúmọ̀ atamátàsé NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà, nígbà tó wà ní háì skúù, bàbá ẹ̀ Dell ló dá ọwọ́ ẹ̀ dúró, ó ní ìsàlẹ̀ ló ti ń ta bọ́ọ̀lù, kó gbé e gòkè, odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ọmọ yẹn fi jìyà tí ò fi lè ta bọ́ọ̀lù dáadáa mọ́. Virginia Tech tí bàbá ẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù ò fún un ní sikọ́láṣíìpù, wọ́n ní tó bá wù ú kó wá láìsí owó. Davidson, ilé ìwé kékeré, ló gbà á, ó sì ta three 162 wọlé níbẹ̀ ní sáà 2007-08. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Ibi tí mo fẹ́ kí Bàbá gbọ́ dáadáa rè é. Wọ́n rò pé dídúró ni iṣẹ́ atamátàsé, wọ́n rò pé ọwọ́ ni. Ẹsẹ̀ ni o! Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i, orúnkún ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti là sílẹ̀, torí àtìgbà tó bá gbà á sí ìgbà tó bá fi í sílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti ń fò bọ̀ lójú ẹ̀. Kí ó tó rí àyè yẹn pàápàá, ó ti sá yí àwọn géńdé inú tíìmù ẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n ń dínà fún ẹni tó ń lé e, ó sáré yí wọn po, ó já padà, ó tún sá lọ sígun, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn wọ́n lè má fún un ní bọ́ọ̀lù. Ẹ wo JJ Redick ní yunifásítì Duke láàárín 2002 sí 2006, three 457 ló ta wọlé, kì í ṣe pé ó ga, kì í ṣe pé ó ń fò, sísá ló ń sá títí ẹni tó ń ṣọ́ ọ á fi rẹ̀. Tíìmù Orlando mú un sí ipò kọkànlá nígbà tí àwọn tíìmù NBA ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 2006, lọ́dún àkọ́kọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó, orí bẹ́ǹṣì ló pọ̀ jù sí. Ó padà lo sáà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú NBA, àti 2024 sì ni wọ́n ti fi í ṣe kóòṣì tíìmù Lakers. Títa bọ́ọ̀lù nìkan ò lè gbé èèyàn débẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dífẹ́ǹdì.

Èmi ò tètè kọ́ ọ, ohun tó sì dùn mí jù nínú gbogbo ìrìn mi nìyẹn. Ní ọdún kejì mi ní Kansas, ọwọ́ mi ti gún, mo lè ta mẹ́rin wọlé kí hááfù àkọ́kọ́ tó parí. Kí lẹ rò pé kóòṣì ẹgbẹ́ kejì á ṣe? Á pariwo nọ́ńbà mi, á ní kí gáàdì tó lágbára jù máa gbé bọ́ọ̀lù wá bá mi lójú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí mo bá fi three kó wọlé, wọ́n á fi mí kó o jáde. Wọ́n á wá yọ mí, màá jókòó, ooru three mẹ́rin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwọn ilé ìwé Division I, ìpele tó ga jù nínú básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì, ń bọ̀ wá wò wá, ohun tí wọ́n rí nìyẹn, Division II ni mo bọ́ sí, ààbọ̀ sikọ́láṣíìpù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Torí náà, bí àbúrò yín bá ti ta ìgba bọ́ọ̀lù tán láàárọ̀, kó lo ìdajì wákàtí míì láti máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, ìbàdí nísàlẹ̀, ọwọ́ nílẹ̀. Kò dùn ún wò, kò sẹ́ni tó ń gbé e sórí Instagram.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí kò ní wọlé ń bọ̀ wá bá a, ó dájú. Tèmi jẹ́ ní géèmù tó kẹ́yìn ayé mi ní yunifásítì, mẹ́sàn-án ni mo ta, ẹyọ kan ò wọlé. Lẹ́yìn ìkarùn-ún mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù bó ṣe ń lọ dípò kí n wo irin, mo ń yí ọwọ́ padà lórí eré. Lẹ́yìn ìkẹsàn-án, wọ́n fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì tí kò sẹ́nì kankan níwájú mi, mo gbé e fún ẹlòmíì. Méjì tí mi ò ta yẹn ló ń jí mi lóru títí dòní, kì í ṣe mẹ́sàn-án tó tàsé. Torí ẹni tó ń ṣọ́ mi rí i pé ẹ̀rù ti bà mí, ó fi mí sílẹ̀, ó lọ ń bá wọn dí ọkùnrin wa tó ga jù lọ́nà, gbogbo ayò wá há. Ní March 2019 mo ń wo Fletcher Magee ti yunifásítì Wofford. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ àkọsílẹ̀ NCAA, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá yunifásítì, fún iye three, ó dé iwájú Kentucky, ó ta méjìlá, ẹyọ kan ò wọlé. Wọ́n pàdánù, 62 sí 56. Ọmọkùnrin yẹn ò dúró, ó ń ta á lọ, ó ń ta á lọ bí ẹni pé èyí tó kàn ló máa wọlé. Èmi jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ní Houston, omi ń bọ́ lójú mi, ìyàwó mi ní kí ló dé.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́: ní ọdún kẹta mo ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ya fọ́tò egungun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n fi báńdéèjì dì í, mo fi gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Eegun kékeré tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò ló ti sán. Eegun yẹn, sísán ẹ̀ kì í sábà hàn nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Tí ibẹ̀ bá ń dun àbúrò yín, kó ní dandan àfi kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé kó ṣe ọkàn akin, kó má dá a lóhùn.

Ti owó náà. Láti July 2021 ni NCAA ti ń jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé gbowó lórí orúkọ ara ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, bíi tiẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn léwu, ó lè ba físà jẹ́. Kó má fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Nígbà tí mo parí, ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní agent gba $800 lọ́wọ́ mi pé òun máa bá mi wá tíìmù ní Yúróòpù, mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Kó mú ìwé ẹ̀ ní òkúnkúndùn. Antoine Davis ti Detroit Mercy ta three 588 láàárín ọdún márùn-ún, kò sẹ́ni tó tó o rí nínú Division I, àmì mẹ́ta péré ló kù kó bá àkọsílẹ̀ Pete Maravich fún àpapọ̀ àmì, síbẹ̀ ní 2023 kò sí tíìmù NBA tó pe orúkọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Bàbá sọ pé iṣẹ́ yẹn ò níyì. Ní 2012 a jọ wà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tí Amẹ́ríkà na Nàìjíríà 156 sí 73 ní Olíńpíìkì, three 29 ni wọ́n jù sí wa lórí, àwọn ẹgbẹ́ mi ń wo ojú mi. Ní July 2021 ní Las Vegas, Nàìjíríà na Amẹ́ríkà yẹn kan náà 90 sí 87, three 20 la fi ṣe é. Mo lọgun débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn.

Ẹ ní kó ṣe fídíò ránṣẹ́ sí mi. Kó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀, kì í ṣe iwájú, kí n lè rí ẹsẹ̀ dé orí lẹ́ẹ̀kan náà. Kó ta mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó bá ti sáré tán, nígbà tí mímí ẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò, kó má sì gé àwọn tó tàsé kúrò.