Tẹ́mpíráméǹtì kọ́ la fi ń gba èèyàn síṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni HR iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Mo fẹ́ ka sáìkọ́lọ́jì iṣẹ́ kí n lè máa mọ inú àwọn tó ń wáṣẹ́ wá. Ẹnì kan ń kọ́ èèyàn ní tẹ́mpíráméǹtì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pín ìwà èèyàn sí oríṣi mẹ́rin, fún wíkẹ́ǹdì méjì, ó máa fúnni ní sètífíkéètì. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ la ti ń lò láti Jánúárì, a tiẹ̀ ti fi dá àwọn kan padà. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má san án o. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní nǹkan yìí, inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí yín, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín ni.

Sáìkọ́lọ́jì iṣẹ́ ò kọ́ ẹnikẹ́ni láti mọ inú ẹlòmíì, Ọlọ́run nìkan ni Arínúróde. Ohun tá à ń kọ́ níbẹ̀ ni ìdí tí òṣìṣẹ́ gidi fi ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, bí ọ̀gá ṣe ń tọ́ èèyàn sọ́nà, bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ohun tójú ò rí láìtan ara ẹni jẹ, ìṣirò sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Oríṣi mẹ́rin yẹn, sanguine, choleric, melancholic àti phlegmatic, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Àwọn oníṣègùn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló gbà pé omi mẹ́rin ló wà lára èèyàn, ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro dúdú àti òróòro tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, Galen, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, wá so ó mọ́ ìwà, pé èyí tó bá pọ̀ jù lára ẹ ló ń darí ẹ. Kò sí dókítà tó ń fi ìyẹn wo ibà lónìí, ẹ̀yin wá ń fi pinnu ẹni tó máa rówó oṣù gbà! Bí wọ́n bá fi ń bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò bá wọn jà. Myers-Briggs náà tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, ìyẹn ìdánwò míì tó ń pín ìwà èèyàn sí oríṣiríṣi, iléeṣẹ́ tó ń tà á gan-an ló ní kí wọ́n má fi gba èèyàn síṣẹ́.

Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ sáìkọ́lọ́jì iṣẹ́ méjì, Schmidt àti Hunter, kó ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe fún odidi ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún (85) jọ, lórí àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan òṣìṣẹ́. Lórí òṣùwọ̀n wọn, òdo ni pé kò wúlò rárá, 1 ni pé kò lè tàsé. Kí ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lójú yín gba 0.54, íńtáfíù tí wọ́n ti to ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀ gba 0.51, fífi ọwọ́ ìkọ̀wé mọ ìwà èèyàn, 0.02 péré. Onímọ̀ míì, Sackett, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún un ṣírò ní 2022, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ yẹn wálẹ̀, íńtáfíù bọ́ sí 0.42, síbẹ̀ òun ló wà lókè pátápátá.

Torí náà ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi gbogbo wọn, kẹ́ ẹ ti kọ bẹ́ ẹ ṣe máa fúnni ní máàkì sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí ẹni méjì máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ ń wá ẹni tó máa tọ́jú sítọ́ọ̀? Ẹ gbé ìwé fúláwà ọ̀sẹ̀ kan fún un, kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìṣirò méjì níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá á rí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á lóòótọ́, UI àti UNILAG ní dípátímẹ́ǹtì sáìkọ́lọ́jì, ẹ lọ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń gbà. Mi ò tíì rí ìwé iléeṣẹ́ yín o, ẹ fi han ọ̀gá yín àti lọ́yà kẹ́ ẹ tó yí nǹkan kan padà.

Àwọn tẹ́ ẹ ti dá padà láti Jánúárì, tí nọ́ńbà wọn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n.