Àlàfo ẹ̀gbẹ́ kúkà: má jẹ́ kí wọ́n fi pákó dí i

Okun o, àbúrò mi. O ní àlàfo ìka méjì-méjì ló wà láàárín kúkà gáàsì rẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, àti pé káfíńtà fẹ́ fi pákó dí i. Má gbà fún un.

Ohun tí tèmi ṣe ní Kàbà níbí nìyẹn. Ó gé pákó HDF (èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀), ó kàn án mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù títí ó fi fún kúkà pinpin, ó kùn ún ní funfun. Ó wù mí nígbà náà. Àmọ́ òróró àkàrà ń jò sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èérún iyán àti ẹja ń bọ́ síbẹ̀, ọwọ́ ò sì lè dé ibẹ̀. Eku bá sọ ọ́ di ilé. Ní ìdájí ọjọ́ kan, òórùn gáàsì ló jí mi: eku ti gé rọ́bà gáàsì ẹ̀yìn kúkà jẹ. Mo fa kúkà, kò mira, pákó ti há a mọ́. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, orí ẹní sì làwọn ọmọ mi sùn sí! Mo ti sìlíńdà pa, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a kó àwọn ọmọ síta, a ò tan iná kankan. Ìgbà tí òórùn lọ tán la tó fi àdá yọ pákó náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí iná ti dúdú. Káfíńtà ní báwọn olówó ṣe ń ṣe é l'Abuja nìyẹn. Ẹni tó ta kúkà ní n kò mọ̀ ọ́n lò ni. Inú ṣì ń bí mi. Ìwé tó bá kúkà wá sọ iye àyè tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó kà á nínú wọn.

Rọ́bà ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí wọ́n ti dè é, má fi ìṣáná wá ibi tó ń jò láéláé. Bó bá ti là, pààrọ̀ rẹ̀, má lẹ téèpù mọ́ ọn. Bí sìlíńdà rẹ bá sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títì, gbé e síta.

Àlàfo yẹn, òkè rẹ̀ nìkan ni kí o bò. Sílíkóònù (irú rọ́bà kan tó ń gba ooru) tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó rí bíi lẹ́tà T: ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ inú àlàfo, apá rẹ̀ á sinmi lórí kúkà àti kọ́bọ́ọ̀dù. Wéré lo máa yọ ọ́ fọ̀. Bí iná bá sún mọ́ etí jù, lo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dógùn-ún, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nìkan, kí kúkà lè máa jáde. Fóòmù tí wọ́n ń fọn láti inú agolo ń jó, má lò ó. Yí ẹsẹ̀ kúkà títí yóò fi bá kọ́bọ́ọ̀dù dọ́gba, ìyẹn ò le.

Kí o sì máa fa kúkà jáde lóṣooṣù láti gbá ẹ̀yìn rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù lèmi ń ṣe tèmi.